Ta Ló Kọ́kọ́ Bu Bourbon fún Ọ?

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé òun ò fẹ́ràn bourbon, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: ta ló kọ́kọ́ bù ú fún ọ? Ìdáhùn rẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí ọ̀rọ̀. Òmíràn á ní òde ìnáwó ni, inú ife rọ́bà ni wọ́n bù ú sí, àwọn ọ̀rẹ́ ní kí òun dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Òmíràn á ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ló gbé ìgò olówó gọbọi kan jáde, ó ń ròyìn iye tó rà á, ojú ò sì jẹ́ kí òun sọ pé ń ṣe ló ń jó òun lẹ́nu. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, kóòkì ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ fún un, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń mu títí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lójú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tọ́ bourbon wò. Ọtí kàn gba ọ̀fun wọn kọjá ni.

Láyé àtijọ́ nílé wa, ẹni tó bá gbé ẹmu fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ ni, kó mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Èmi gbà pé àṣà yẹn jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ májèlé lọ. Ẹni tó bu ọtí fún èèyàn ti gba nǹkan kan sọ́rùn. Bí onítọ̀hún bá mu ún tán tó ń sọ ìsọkúsọ, bó bá wa ọkọ̀ já sí kòtò, tàbí bó bá di ẹni tí kò lè sùn láìmutí, ọwọ́ tó kọ́kọ́ bù ú fún un wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kánjú mú ẹnikẹ́ni wọ inú ọ̀rọ̀ bourbon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an ni mo fi ṣe ibùgbé.

Louisville ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ìlú tí wọ́n bí Muhammad Ali sí. Àwọn ará ibí fẹ́ràn láti máa sọ pé àgbá ọtí tó wà ní Kentucky pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni: èèyàn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ lọ, àgbá tó ń sinmi ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí ará ilé bá wá kí mi, yálà láti Houston tàbí láti Ìbàdàn, kì í pẹ́ tí á fi béèrè. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin dé láti Ìbàdàn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e wá. Ọmọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, bíà nìkan ló mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jẹun tán, ó tọ́ka sí pẹpẹ tí mo to ìgò sí, ó ní, "Bàbá, èwo ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ nínú ìwọ̀nyí?"

Mo ní kó jókòó. Mo kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, bóyá ó fẹ́ wa ọkọ̀ jáde lálẹ́ náà. Ó ní rárá. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí, mi ò ní bù ú fún un láé, mi ò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kò bá ọtí ṣe, ẹni tí ọtí ti bá jà rí, gbogbo wọn ni mo máa ń gbé omi ọsàn fún, ọ̀wọ̀ kan náà ni mo sì fi ń gbé e fún wọn. Òfin Amẹ́ríkà tún ní kí ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 má ra ọtí rárá. Ìyẹn náà tọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ bù fún un. Ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó fẹ́ gbé sẹ́nu.

Wísíkì tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni bourbon. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló sọ bẹ́ẹ̀: nínú gbogbo ọkà tí wọ́n bá lọ̀ pọ̀ láti fi ṣe é, àgbàdo kò gbọ́dọ̀ dín ní 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù máa ń jẹ́ rye, ìyẹn ọkà ilẹ̀ olótùútù kan tó máa ń ta lẹ́nu díẹ̀, tàbí àlìkámà, pẹ̀lú ọkà báálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hù. Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ àgbàdo, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyẹn, Bàbá." Mo ní kò jìnnà sí i níbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ àgbàdo tí á fi hù, tí wọ́n á lọ̀ ọ́, tí wọ́n á sè é, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan, ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ará Kentucky ń tọ̀. Wọ́n á lọ àgbàdo, wọ́n á sè é mọ́ omi, báálì tó hù ni yóò sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, ìwúkàrà ni yóò sì sọ ṣúgà náà di ọtí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń hó nínú agbada ńlá, òórùn kíkan rẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ni. Wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á mú un gbóná nínú òpó bàbà gíga, oru ọtí á gbéra, wọ́n á mú oru náà tutù padà di omi. Ẹni tó bá ti dé ilẹ̀ Ìlàjẹ rí, tó ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ògùrọ̀ se ògógóró pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù àti páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ti mọ iṣẹ́ yìí.

Ohun tó ń jáde nígbà náà mọ́ gaara. Kò ní àwọ̀ kankan. Gbogbo pupa tí a ń rí nínú ìgò, inú igi ló ti wá.

Ibi tí bourbon ti yà kúrò lọ́nà ògógóró nìyí, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń pẹ́ jù bí mo bá ń ṣàlàyé. Òfin ní inú igi oak ni kí wọ́n tọ́jú ọtí náà sí, igi titun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi tọ́jú nǹkan rí, tí wọ́n sì ti dáná sun inú rẹ̀. Àgbá kan máa ń gba 53 gálọ́ọ̀nù, nǹkan bíi 200 lítà. Mo ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń sun ún. Wọ́n á gbé àgbá tí kò tíì ní ìdérí sórí ẹnu iná, iná á ru gba inú rẹ̀ já sókè pẹ̀lú ariwo, kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n á fi bu omi pa á. Bí ẹ bá bojú wo inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, èédú ti bo ara igi, ó ti là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ti di ìpẹ́ ìpẹ́. Èyí tó jó jinlẹ̀ jù, awọ ọ̀nì ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Lábẹ́ èédú yẹn, ṣúgà inú igi ti yọ́, ó ti pọ́n. Òun ni ọtí yóò máa wọlé lọ bá.

Ojú ọjọ́ ló ń tì í wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn Kentucky ń mú ooru gan-an, òtútù ibẹ̀ sì ń ta ni létí. Bí ooru bá mú, ọtí inú àgbá á wú, á wọ inú igi. Bí òtútù bá dé, á fà padà, á sì mú àwọ̀ àti òórùn igi bọ̀. Ọdún gorí ọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n ń to àgbá sí ga, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó wà lájà òkè sì máa ń gbóná ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọtí tí wọ́n sè lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n dà sí àgbá lọ́jọ́ kan náà, lè jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kí ọ̀kan má jọ èkejì. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀, òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, torí pé ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́dọọdún. Ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìdí kan nìyẹn tí bourbon tó pẹ́ nínú àgbá fi ń wọ́n: èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tà fún yín. Kò wá túmọ̀ sí pé ó dùn jù o. Mo ti mu èyí tó pẹ́ jù, igi ni mo mu; kíkorò rẹ̀ bo adùn àgbàdo mọ́lẹ̀ pátápátá. Lójú tèmi, láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni agbára igi àti agbára ọkà máa ń ṣe déédéé.

Omi náà ní ipa tirẹ̀. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Kentucky, omi tó bá sì sẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá kì í ní irin nínú. Irin ló ń ba àwọ̀ àti ìtọ́wò wísíkì jẹ́. Síbẹ̀, àwọn kan ń rò pé Kentucky nìkan ni wọ́n ti lè ṣe bourbon. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kó jẹ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lè ṣe é. Ní 1964 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà kéde pé ohun àrà ọ̀tọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń ṣe ni, pé ilẹ̀ mìíràn kò gbọ́dọ̀ ta tirẹ̀ lórúkọ yẹn níbẹ̀.

Ọmọ náà béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń tà á, wọ́n á dárúkọ Elijah Craig fún yín, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní agbègbè Georgetown ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n á ní òun ló kọ́kọ́ tọ́jú ọtí sínú àgbá tó jóná. Àwọn òpìtàn ò rí ẹ̀rí tó dúró fún un. Àwọn àgbẹ̀ tó pọ̀ ló wà ní Kentucky nígbà yẹn tí àgbàdo wọn ju ohun tí wọ́n lè jẹ lọ, tí ọ̀nà ọjà kò sì dára. Àgbá ọtí rọrùn ju ẹrù àgbàdo lọ láti gbé rìn. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti di pásítọ̀ yẹn mú, kò fẹ́ gbọ́ ohun tí òpìtàn wí. Ìyá rẹ̀, àbúrò mi, díkónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ òórùn ọtí. "Pásítọ̀ ló dá a sílẹ̀, Bàbá," ló ń tún sọ, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ìtàn tí èmi fẹ́ kó mú lọ, Tennessee ló ti ṣẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó múlé gbe Kentucky níhà gúúsù. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Lynchburg, Nathan Green lorúkọ rẹ̀, Nearest ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹrú ni. Wọ́n fi í yá oníwàásù kan tó tún ń se ọtí lóko rẹ̀, Dan Call. Nígbà tí ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Daniel wá ń ṣiṣẹ́ lóko náà, Nearest ni wọ́n ní kó kọ́ ọ níṣẹ́ ọtí. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, tí àwọn ẹrú gba òmìnira, Jack dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Nearest ló sì fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń se ọtí. Àwọn ọmọ Nearest náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé gbogbo ayé ló mọ orúkọ Jack. Ó di 2016 kí ìwé ìròyìn New York Times tó gbé ìtàn Nearest jáde fáyé rí, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Fawn Weaver, gbé ọtí kan jáde tó fi orúkọ bàbá náà sọ, Uncle Nearest.

Wọn kì í pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Lynchburg ní bourbon, torí wọ́n ń kọ́kọ́ sẹ́ ẹ gba inú èédú igi maple kí wọ́n tó dà á sí àgbá. Tennessee whiskey ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ àgbàdo náà ni, àgbá tó jóná náà ni, ní Kentucky pẹ̀lú, ọwọ́ àwọn ẹrú wà nínú iṣẹ́ náà lóko púpọ̀, orúkọ wọn kì í sì í sábà hàn lára ìgò. Mi ò lè bu ọtí yìí fún ọmọ Yorùbá kí n má dárúkọ Nearest. Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní wọ́n kọ́ òun nípa òwò ẹrú nílé ìwé, ọkọ̀ ojú omi àti ìrèké nìkan ni wọ́n sọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ìgò kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò ṣí i. Mo ní kó ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ara ìgò bourbon, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà, kì í purọ́. Bí ẹ bá rí "straight", ó ti lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá. Bí kò bá sì tíì pé ọdún mẹ́rin, òfin ní kí wọ́n kọ iye ọdún rẹ̀ síbẹ̀. Proof tí wọ́n kọ, ẹ pín in sí méjì, iye ọtí tó wà nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn: 86 proof jẹ́ 43. Kò gbọ́dọ̀ dín ní 80. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ sí i, wọn kò gbọ́dọ̀ fi adùn sí i. Omi nìkan ni wọ́n lè fi là á. Bí ẹ bá wá rí "bottled in bond", ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sè é ní sáà kan ṣoṣo, ó lo ọdún mẹ́rin ó kéré tán lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba, 100 proof géérégé sì ni.

Òfin 1897 ni ti ìkẹyìn yẹn, èké àwọn oníṣòwò ló sì bí i. Wọ́n á ra ọtí funfun olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á po oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn kó lè ní àwọ̀, títí kan omi tábà, wọ́n á wá lẹ orúkọ bourbon mọ́ ọn. Edmund Haynes Taylor, tó ń se ọtí ní agbègbè Frankfort, wà lára àwọn tó jà fún òfin náà, John Carlisle tó jẹ́ akọ̀wé ìṣúná ìjọba àpapọ̀ sì tì í lẹ́yìn, ọmọ Kentucky lòun náà. Mi ò sọ pé ìfẹ́ ará ìlú nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Èrè tiwọn wà níbẹ̀. Bí òfin bá ṣáà ti dáa, ẹ jẹ́ kí olówó jèrè tirẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni mò ń sọ. Ní oṣù kẹrin 2015, ọtí ìbílẹ̀ tí èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn lágbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti lọ. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Mo máa ń ronú sí i dáadáa. Ìjọba amúnisìn fòfin de ògógóró, wọ́n ń fi ọlọ́pàá lé àwọn tó ń sè é, jíìnì tó ń ti òkèèrè wọlé ni wọ́n sì ń gba owó ibodè rẹ̀ sápò. Ohun tí wọ́n lé wọ igbó, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ọgbọ́n àwọn bàbá wa tó ń se ògógóró kò kéré sí ti àwọn àgbẹ̀ Kentucky. Àwọn ti Kentucky rí òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ wọn, wọ́n sì rí àyè fi ọtí sílẹ̀ kó pẹ́.

Mo wá ṣí ìgò náà. Old Forester ni, 86 proof, mo sì ní ìdí tí mo fi mú un. George Garvin Brown, tó ń ta oògùn fún àwọn dókítà nílùú Louisville níbí, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1870; inú ìgò tí wọ́n ti dé pinpin nìkan ló ń tà á, nígbà tó jẹ́ pé inú àgbá ni àwọn yòókù ti ń bù ú tà, tí ẹni tó bá wù sì lè bomi lù ú. Kò wọ́n. Mo ní ìgò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí pẹpẹ mi. Ẹni tuntun tí ẹ bá fi ìgò olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ fún, owó ni yóò máa tọ́ wò, ẹ̀rù á sì máa bà á láti sọ òótọ́. Ìgò tó le jù, tí wọ́n gbé jáde láti àgbá láìfi omi là á, tó lè kọjá 120 proof, òun náà kì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tò sórí ìlà láti òru nítorí ìgò kan tí wọ́n á tún lọ tà ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ife tí mo lò ní ikùn nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kó jọ. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, ife wáìnì kékeré tó. Ohun tí mo bù síbẹ̀ kò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ tèmi wò. Ó gbé tirẹ̀, ó ki imú bọ inú ife, ó fà á símú gan-an, omi lé sí i lójú. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó mú un jìnnà díẹ̀, kó la ẹnu díẹ̀, kó máa fi ẹnu àti imú mí pọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Bàbá, òórùn bàbá dúdú ni mò ń gbọ́ yìí o."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa bourbon máa ń to orúkọ èso àti òdòdó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fojú rí rí. Ẹni tuntun á máa wá wọn kiri nínú ife, bí kò bá rí wọn, á rò pé imú òun ni kò dáa. Bàbá dúdú táwọn ọmọ ilé ìwé ń là, ṣúgà tó jó pọ̀ mọ́ omi àgbọn ni. Èyí tó wà nínú ife, ṣúgà tó jó nínú igi ni. Imú ọmọ náà kò ṣì í.

Ìfẹnukàn àkọ́kọ́, mo ní kó kàn fi rin ahọ́n ni, kó má sọ nǹkan kan. Ẹnu tí kò mọ ọtí líle rí yóò kọ́kọ́ bínú; ohun tó bá sọ nígbà yẹn, ìbínú ló sọ ọ́. Ó fa ojú ro. Mo ní kó mu omi, kí a sọ̀rọ̀ mìíràn. A sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó tún gbé e, mo ní kó má tètè gbé e mì, kó máa yí i ká ẹnu bí ìgbà tó ń jẹ ẹ́. Booker Noe, ọmọ ọmọ Jim Beam, gbajúmọ̀ nínú àwọn tó ń se bourbon, ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí. Àwọn èèyàn á máa wo ẹnu bàbá náà bó ti ń jẹ ọtí. Lọ́tẹ̀ yìí ojú ọmọ náà kò ro. Mo wá fi ṣíbí kán omi tútù díẹ̀ sí i. Àwọn kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Omi máa ń jẹ́ kí iná ọtí rọlẹ̀, òórùn tó ti fara pamọ́ á sì jáde. Àwọn tó ń tọ́ ọ wò fún iṣẹ́ gan-an ń la tiwọn lómi.

Mo bu èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kékeré náà ni, Maker's Mark, tí wọ́n fi àlìkámà rọ́pò rye nínú rẹ̀. Mi ò sọ ìyàtọ̀ wọn fún un. Ó tọ́ èyí wò, ó tọ́ tọ̀hún wò, ó padà sí èyí. Ó ní èkejì rọ̀ lẹ́nu, àkọ́kọ́ ń ta òun lẹ́yìn ọ̀fun. Èmi fẹ́ràn èyí tó ń ta. Mo jẹ́ kó mú tirẹ̀.

Ó béèrè nípa yìnyín. Mo ní kó fi sí i bó bá wù ú, yóò kàn pa òórùn rẹ̀ díẹ̀ ni. Kóòkì? Ẹni tó ra ìgò ló ni ín, ṣùgbọ́n kó má fi ìgò àtàtà ṣe é. Àwọn ará ìlú wa níbí ní tiwọn máa ń fi ewé míǹtì, ṣúgà àti yìnyín gígún lù ú lọ́jọ́ ìdíje ẹṣin Derby, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún. Ó dùn fún ìdajì ife, lẹ́yìn ìyẹn omi ṣúgà ni. Ohun tó bá a lọ jù lẹ́nu tèmi ni ẹ̀pà sísun. Mo ti gbìyànjú súyà. Iná méjì ò gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́nu kan.

Mo dé ìgò. Ó ní, "A ò tún ní bù sí i, Bàbá?" Mo ní rárá. Ọmọ náà fẹ́ jiyàn, ó wo ojú mi, ó fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kó máa gbé ìgò ró ní òró, torí ọtí líle máa ń jẹ ìdérí rẹ̀ tí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀, kó má sì gbé e sójú oòrùn. Kó má tún tọ́jú rẹ̀ pamọ́ pé yóò dàgbà sí i: bí ó bá ti wọ inú ìgò, dídàgbà ti parí, inú igi nìkan ló ti ń dàgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ ra èyí tí wọ́n fi àlìkámà ṣe fún ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i lórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rí ojú ara wọn, ìgò náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìda pupa tí wọ́n fi dé e lórí ló fà á lójú. Èmi ló pè.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ ń fún ọmọ mi mu?"

Mo ṣàlàyé títí. Mo sọ ti ṣíbí méjì, mo sọ ti omi, mo ní mi ò jẹ́ kó bu ẹ̀kẹta.

"Ó ní pásítọ̀ ló dá a sílẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dájú.

"Ìjọ wo?"

Mo ní Onítẹ̀bọmi.

"Ẹ ṣeun, sà," ni àbúrò mi wí. "Mo kúkú mọ̀ pé kò lè jẹ́ ìjọ tiwa."